Ọmọ Ló Ń Ṣe Ìdánwò, Ilé Ló Ń Gbé Ìyókù

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin tí àkọ́bí yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS3, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí bàbá àti ìyá fa àbúrò lé lọ́wọ́ pé kí ẹ bá àwọn mójú tó o, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Biology ní ilé ẹ̀kọ́ girama n'Ìbàdàn, ìdí tábìlì mi sì ni àwọn òbí máa ń wá jókòó sí bí ọ̀rọ̀ JAMB àti ẹ̀kọ́ ìṣègùn bá dé. Ọmọ tó mọ̀wé kò wọ́n wa. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń jábọ́ kì í ṣe inú ìwé rárá: orúkọ tí kò bára mu ni, ọjọ́ tó ti kọjá ni, owó tó tán lágbedeméjì ọ̀nà ni, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu àwa àgbà tó wúwo ju ohun tí ọmọ ọdún 16 lè rù lọ. Iṣẹ́ wọ̀nyẹn, iṣẹ́ ilé ni. Ẹ fi ìwé kíkà sílẹ̀ fún ọmọ, kí ẹ gbé ìyókù.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ dókítà.

Nílẹ̀ wa, ọmọ tó bá ti ń gba ipò kìíní ní Primary 3, ẹnìkan nínú ẹbí á ti fi í ṣe dókítà. Ìyá àgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú á ní ọmọ òun ni yóò tọ́jú òun. Nígbà tí ọmọ náà á fi dé SS1, kò ní mọ̀ mọ́ bóyá òun ló fẹ́ iṣẹ́ náà ni àbí àdúrà tí wọ́n ń gbà lé òun lórí ni. Tí ẹ bá bi í pé, "Ṣé dókítà lo fẹ́ ṣe?", á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," torí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ìbéèrè yẹn kò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ bi í pé bí wọ́n bá ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn pa lọ́la, kí ni ì bá lọ kọ́? Kí ni ó máa ń kà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán an? Kí ẹ wá dákẹ́, kí ó sọ ọ́ tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó fojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà ìsinmi, ẹ bá ìyá nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò yín sọ̀rọ̀, kí ọmọ náà máa lọ bá wọn to káàdì. Kí ó gbọ́ òórùn Izal, kí ó rí bí àwọn aláìsàn ṣe ń tò sórí bẹ́ǹṣì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí ó rí ojú ẹni tí wọ́n kọ oògùn fún tí kò sì ní owó tó fi máa rà á. Ọmọ mìíràn á délé lọ́jọ́ kejì, á ní òun kò lọ mọ́. Ẹ dúpẹ́, owó ọdún mẹ́fà lẹ kó yọ yẹn. Òmíràn á ti múra tán kí ẹ tó jí.

Ẹ sọ òótọ́ nípa iye ọdún fún un pẹ̀lú. Àwọn kan á ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ní kí ẹ wo ẹnu àáké náà dáadáa. Ọdún 6 ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ọdún 2020 gba oṣù 9. Ti 2022 gba oṣù 8, láti February títí di October. Bí wọ́n bá jáde tán, ọdún kan ni house job, kí wọ́n tó wọ aṣọ àgùnbánirọ̀. Ọmọ tó wọlé ní ọmọ ọdún 17 lè pé 26 kó tó bọ́ aṣọ náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kọ́ ìṣirò owó ti ń san owó ilé ara rẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí ọmọ bá ti mọ̀ kí ó tó gbéra.

2. Ẹ yé pè é ní Dókítà.

Mo mọ̀ pé àdúrà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí gbogbo ìjọ, gbogbo ilé, títí dé ọ̀dọ̀ ìyá aláta tó wà níkọ̀rọ̀ òpópónà, ń pè ní dókítà, níbo ni ó fẹ́ gbójú sí bí JAMB bá fún un ní 210? Orúkọ tí ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ti tó o.

3. Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ kí fọ́ọ̀mù ìdánwò tó jáde.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Bí a ṣe ń jẹ́ orúkọ nílẹ̀ Yorùbá dùn púpọ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ọ. Ọmọ kan náà ni Ọláolúwa lẹ́nu bàbá, Àbíkẹ́ lẹ́nu ìyá àgbà, Deborah ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní jẹ́lé-ó-sinmi, Deborah ni wọ́n kọ síwájú. Ní girama, Olaoluwa ni tíṣà kọ. Ẹni tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún NIN gbọ́ Olaolu, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ tún ti pa orúkọ ìdílé dà lágbedeméjì, ó bọ́ Ògún kúrò níbẹ̀, ó fi Olú sí i nígbà tó di àtúnbí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yẹ ìwé ọmọ wò ní yunifásítì, bí ẹni mẹ́ta ló máa rí lójú wọn.

Ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì: ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tí National Population Commission gbé jáde, NIN, ìwé ẹ̀rí JSS3, àti orúkọ tí ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí WAEC. Orúkọ ìdílé, orúkọ àkọ́kọ́, orúkọ àárín, ọjọ́ ìbí, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí NIN bá ní àṣìṣe, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí inú rẹ̀ ni JAMB ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí yọ. Láti ọdún 2021 ni wọn kò ti gba ẹnikẹ́ni tí kò ní in. Àtúnṣe yìí ń gba àkókò, ó sì ń gbowó. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí fọ́ọ̀mù ń tà, á bá èrò lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà fóònù. Ọmọ á fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019, wọ́n á sì fún un ní kóòdù kan tí ó máa fi ra fọ́ọ̀mù. Láti ọjọ́ yẹn lọ, nọ́ńbà yẹn ni JAMB mọ̀ ọ́n mọ́. Orí rẹ̀ ni ìròyìn àti èsì máa gbà wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo nọ́ńbà ọmọ káfẹ́. Ẹ má lo ti bọ̀dá tó ń wá kọ́ wọn ní lẹ́sìnnì lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ra síìmù fún ọmọ, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà, ímeèlì rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sínú ìwé kan tí kì í jáde nílé. Mo ti rí ìyá tó ń wá ọmọ káfẹ́ kiri Mọ́kọ́lá torí ọ̀rọ̀ aṣínà, nígbà tí ọmọkùnrin ọ̀hún ti kó lọ sí Èkó.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Lọ́dún 2024 mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kan ní ọdún 18 ni, èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ dá a padà sí 16, ibẹ̀ ni ó sì wà nínú ètò ìgbàwọlé 2025. Wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé 16 tí orí rẹ̀ pé gan-an, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gba 320 ó kéré tán nínú 400, kí ó sì tún yege àwọn àyẹ̀wò mìíràn. Bí ọmọ yín bá jẹ́ 15, ẹ jẹ́ kí ó dúró. Ẹ má fi ọdún kan kún ọjọ́ orí rẹ̀. Irọ́ yẹn á bá a dé ibi tí ó ti máa gba ìwé àṣẹ iṣẹ́.

4. Ẹ mọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń béèrè.

Nínú UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB, mẹ́rin ni: Gẹ̀ẹ́sì, Biology, Chemistry, Physics. Ìṣirò kò sí níbẹ̀, àmọ́ ó wà lára márùn-ún tí wọ́n máa béèrè nínú WAEC tàbí NECO, kò sì gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju C6 nínú ìkankan. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló ń fẹ́ márààrún ní ìjókòó kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gba D7 nínú Physics tó sì ní òun á fi NECO dí i, kí ó kọ́kọ́ ka ohun tí ilé ẹ̀kọ́ náà kọ sílẹ̀ dáadáa.

5. Ẹ má mú ọmọ yín lọ sí "miracle centre".

Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò ní lábù ní ẹ̀yìn ìlú, tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ sì ń gba B2 nínú Chemistry. Àwọn òbí á kó ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ rere ní ìparí SS2, wọ́n á lọ sanwó síbẹ̀. Inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní fi bò. Dókítà ni ẹ ní ẹ fẹ́ kí ọmọ yìí jẹ́. Lọ́jọ́ kan á dúró lórí ìyá kan tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lóru, kò sì ní sí ẹni tó máa kọ ìdáhùn sójú pátákó fún un. Kí ó tilẹ̀ tó dé ibẹ̀, 100 level á ti tú u fó: Physics, Chemistry àti Biology ni wọ́n ń kọ́ lọ́dún náà, ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá sì tó, wọ́n á ní kí ó lọ wá ẹ̀ka mìíràn. Bí ọmọ yín kò bá mọ Chemistry, ẹ wá ẹni tó máa kọ́ ọ. Iye owó kan náà ni.

6. Ẹ fi ìṣirò yan ilé ẹ̀kọ́, ẹ má fi ìfẹ́ yàn án.

Gbogbo wa la fẹ́ UI. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì ilẹ̀ wa lọ́dún 1948, kí wọ́n tó ṣí UCH, ilé ìwòsàn rẹ̀, ní 1957. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ MDCN tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà ló ń sọ iye ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà, ìwọ̀nba kékeré sì ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá gba ọmọ kọjá iye yẹn, orí àwọn ọmọ ni ọ̀rọ̀ máa ń já sí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú? Ní UI, wọ́n máa ń pín máàkì JAMB sí 8, wọ́n á pín ti Post-UTME, ìdánwò tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe, sí 2, wọ́n á ró wọn pọ̀. Ọmọ tó gba 300 ní 37.5. Bí ó bá gba 66 nínú Post-UTME, ìyẹn 33. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 70.5. Ẹ wá wo iye tí wọ́n gbà kẹ́yìn fún ìṣègùn lọ́dún tó kọjá, kí ẹ fi wé e. OAU àti UNILAG máa ń ka èsì WAEC mọ́ ọn ní tiwọn, torí náà A1 wúlò níbẹ̀ ju C6 lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ ṣe é pẹ̀lú ọmọ. Á rí i fúnra rẹ̀ pé 280 kì í ṣe nǹkan ìtìjú, àmọ́ ó ní ibi tó lè gbé e dé àti ibi tí kò lè gbé e dé.

Ti ìjọba àpapọ̀ tún ní ìpín: 45 nínú 100 fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ wọn kò tíì gòkè. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà àti Kàbbà, ẹ ṣí etí yín: Kwara àti Kogi wà lára ti ìkẹyìn yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò sì rántí béèrè ìpín náà. Ti ìpínlẹ̀, bíi LASU, OOU, LAUTECH, EKSU àti UNIMED tó wà l'Óndó, ọmọ ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ Surulérè lẹ ń gbé tí bàbá ọmọ sì jẹ́ ará Ìjerò, Èkìtì ni ọmọ náà, ìwé ẹ̀rí ìjọba ìbílẹ̀ yín sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́. Àwọn tó lórúkọ jù kì í fojú sí ẹni tó fi wọ́n sí ipò kejì, torí náà ẹ má fi UI ṣe ìkíní kí ẹ tún fi UNILAG ṣe ìkejì. Ẹ ti fi ìkejì yẹn ṣòfò nìyẹn.

Àwọn aládàáni wà, Babcock, Bowen, Afẹ́ Babalọlá, wọ́n sì ń kọ́ni dáadáa, àmọ́ mílíọ̀nù ni owó wọn lọ́dọọdún. Ẹ má ta ilẹ̀ torí ọdún kìíní bí ẹ kò bá rí ọdún kẹfà. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ wò ó bóyá ó wà nínú ìwé MDCN. Ẹni tó ń fi Kùtọnu tàn yín pé kò sí JAMB níbẹ̀, ẹ rán an létí January 2024, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ìwé ẹ̀rí Benin àti Togo dúró lẹ́yìn tí oníròyìn kan gba dìgírì níbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Ẹni tó bá kọ́ ìṣègùn lókè òkun pẹ̀lú, ìdánwò MDCN ń dúró dè é nílé. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ukraine lọ́dún 2022 sì mọ bí ogun ṣe ń lé èèyàn kúrò ní kíláàsì.

7. Ẹ tún ilé ṣe fún ìwé kíkà.

Ìbéèrè 180 ni UTME, ìṣẹ́jú 120 sì ni wọ́n fún wọn. Ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rí á fi ìdajì àkókò náà wá ibi tí lẹ́tà wà. Kò nílò kó mọ eku kọ̀ǹpútà lò. Bọ́tìnnì mẹ́jọ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń tẹ̀: A, B, C, D láti dáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi sílẹ̀, R láti yí èrò padà. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é títí tí ìka rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n láìwojú.

Ní ti oorun, ọmọ tó ń jí ní aago mẹ́rin àárọ̀ láti kàwé kò gbọdọ̀ tún wà ní ìṣọ́ òru lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ bá pásítọ̀ tàbí ààfáà sọ̀rọ̀. Ẹni tó lóye á gbà.

Ẹ jẹ́ kí n wá kàn yín lára díẹ̀. Ilé kan náà ni, ọmọ méjì fẹ́ ṣe JAMB, akọ àti abo. Wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ fún akọ, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu. Abo ni yóò fọ abọ́, ni yóò gún iyán, ni yóò wẹ àbíkẹ́yìn, ni yóò tún lọ jókòó ní ìsọ̀ di aago mẹ́jọ alẹ́. Bí èsì bá dé, wọ́n á ní akọ ló lórí ìwé. Kò síbi tí ẹ ti rí orí yẹn. Agnes Yéwándé Savage gba oyè ìṣègùn ní Edinburgh ní 1929, kò sì sí obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kankan tó ṣe é ṣáájú rẹ̀. Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì gba tirẹ̀ ní Dublin ní 1938, ó padà wá sí Èkó, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Massey Street. Láyé ìgbà yẹn nìyẹn. Ẹ pín iṣẹ́ ilé náà sí méjì ọgbọọgba, tàbí kí ẹ̀yin fúnra yín gún iyán fún oṣù díẹ̀.

8. Ọjọ́ ìdánwò.

JAMB lè gbé ọmọ Ìbàdàn lọ sí Ìsẹ́yìn. Ẹ lọ wo ọgbà ìdánwò náà lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ mọ ọkọ̀ tó ń débẹ̀. Fóònù, aago ọwọ́ àti bírò, kí ó fi wọ́n sílé. Kí ó jẹun. Ẹ má bá a dé ẹnu géètì máa ka ìbéèrè sí i létí.

9. Bí èsì bá dé.

Ẹ má gbé e sórí WhatsApp, ì báà dára, ì báà má dára. Ẹ bi ọmọ bí ó ṣe rí i sí. Ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, kí ẹ mọ ibi tó ti ṣubú.

Kí ẹ sì rántí pé ẹ̀rọ JAMB lè ṣì í. Ní May 2025, lẹ́yìn tí èsì ti jáde, JAMB fúnra wọn jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ẹ̀rọ ti ba ìdánwò ọmọ 379,997 jẹ́ ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọ̀gá wọn nígbà náà, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ó tọrọ àforíjì, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà wá tún un ṣe. Bàbá tó ti na ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, báwo ni yóò ṣe kó ẹgba rẹ̀ padà?

Àwọn ọmọ ti gbẹ̀mí ara wọn torí máàkì nílẹ̀ yìí. Bí ọmọ yín kò bá jẹun mọ́, tí kò sùn, tó ń pín aṣọ àti ìwé rẹ̀ fún àwọn àbúrò, tàbí tó sọ pé ayé sú òun, ẹ má pè é ní ìwàkuwà, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ro ikú, kí ẹ mú un lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. UCH ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró sì wà l'Ábẹ́òkúta. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Àró dẹ́rù bà yín. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Thomas Adéoyè Lambo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, tó sì fi hàn gbogbo ayé pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn lè máa gbé láàárín àwọn ará abúlé kí ara rẹ̀ sì yá.

10. Ìwọ ọmọ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sáré, gbọ́ ti ìwọ náà.

Bí o kò bá fẹ́ ṣe ìṣègùn, wí báyìí. Wá ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí ìyá rẹ tí wọ́n máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, kí o kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o sọ ọ́ fún un. Wọ́n á bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí o bá sì fẹ́ ẹ, fi fóònù rẹ lé màmá rẹ lọ́wọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, má dúró kí wọ́n gbà á.

11. Ẹ ṣọ́ CAPS, ẹ sì ṣọ́ra fún ajẹ́ǹtì.

Láti 2017 ni JAMB ti ń fi CAPS, ètò wọn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣètò ìgbàwọlé. Ẹ rí i dájú pé èsì WAEC ọmọ ti gòkè síbẹ̀. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nígbà tí èsì rẹ̀ kò tíì jáde tí kò sì padà lọ gbé e sókè, ilé ẹ̀kọ́ kò lè mú un, bó ti wù kó gba 340. Bí wọ́n bá fún un ní àyè, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wọlé lọ tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà á.

Nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n máa gbé wá kì í ṣe ìṣègùn. Anatomy tàbí Physiology ni. Aládùúgbò á ní, "Ẹ gbà á, á fò sínú ìṣègùn ní 200 level." Ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ náà léèrè ibi tí wọ́n kọ òfin yẹn sí. Tí wọn kò bá rí i fi hàn yín, kí ọmọ gba Anatomy nítorí Anatomy nìkan.

Ọ̀gbẹ́ni tó ní òun mọ ẹnìkan ní Sẹ́nétì, tí owó rẹ̀ jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye, máa ń gba owó lọ́wọ́ ogún èèyàn. Bí méjì nínú wọn bá wọlé fúnra wọn, á ní òun ló ṣe é, á sì yọ nọ́ńbà àwọn tó kù kúrò lórí fóònù.

12. Ẹ la ọ̀nà kejì kí ìkíní tó dí.

Kí ọmọ tó wọlé ìdánwò ni kí ẹ ti jọ sọ ọ́, kí ó má baà rí bí ìjìyà nígbà tó bá yá. Ètò ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì tí wọ́n ń pè ní JUPEB wà láti 2014, IJMB ti pẹ́ jù ú lọ. Ẹni tó bá fi Biology, Chemistry àti Physics yege nínú wọn lè gba Direct Entry wọ 200 level, ní ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń gbà á, àyè ibẹ̀ sì kéré gan-an. Ọdún kan nílé kì í ṣe ikú. Kí ó tún JAMB ṣe, kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìnnì lọ́sàn-án, kí ó rí owó tirẹ̀ ná.

Iṣẹ́ mìíràn sì wà tó ń gba ẹ̀mí là: nọ́ọ̀sì, apòògùn, àwọn tó ń ya àwòrán inú ara, àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àwọn tó ń kọ́ ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù bí yóò ṣe tún rìn. Ẹ yé fi ohùn ìbànújẹ́ pè wọ́n níwájú ọmọ. Ẹni tó bá ti gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn láàárín òru mọ ẹni tó kọ́kọ́ sáré pàdé òun.

13. Bí ó bá wọlé.

Ẹ yọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ fi ojúlówó pamọ́. Ẹ jẹ́ kí ó béèrè ẹ̀yáwó NELFUND, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Kò ní èlé, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, wọ́n sì ń fún ọmọ ní 20,000 náírà lóṣù fún oúnjẹ. Àmọ́ ti ìjọba nìkan ni, aládàáni kò sí níbẹ̀. Ẹ wá ibùsùn tètè. Stẹ́tósíkóòpù tí àǹtí yín ní Houston ti fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ ní kí ó fi í pamọ́ di 400 level tí wọ́n máa wọ wọ́ọ̀dù. Kí ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ báyìí, ẹ máa fi ra iná tó ń gba oòrùn àti àwọ̀n ẹ̀fọn, torí ẹ̀fọn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ ẹni tó ń kọ́ ìṣègùn.